Ẹṣin Tó Hùwo

Èmi kì í rí iwin. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mi ò kì í lá àlá tó nítumọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọtí kì í kan ètè mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ nílé wa, lójú ọ̀sán, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ṣí ìdérí ajere náà. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó máa bá tiẹ̀ lọ. Mi ò ní bá a jà.

Ilé Hao ni mo fẹ́ sí, nínú àwọn ilé tí wọ́n gbẹ́ sínú òkè amọ̀ ní Shanxi, nílẹ̀ Ṣáínà. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú ilé náà. Ìyá ọkọ mi ni olórí wa, Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ìyálé mi ni Fengqin, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ibi ìwakùsà èédú ni ọkọ rẹ̀ kú sí, ó sì fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Ruilian. Ọkọ tèmi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, àfi tí ọdún bá kù sí dẹ̀dẹ̀ ni mo tó máa ń rí i. Èmi ni Suqin, ìyàwó kékeré ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irun mi ti ń funfun.

Bí ọdún bá ti ń parí lọ, a máa ń fi ìyẹ̀fun mọ ẹranko, a ó sì fi ooru omi sè wọ́n nínú ajere. Lọ́dọ̀ wa, ọdún kọ̀ọ̀kan ló ní ẹranko tirẹ̀, méjìlá ni wọ́n, wọ́n ń yí po. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ẹranko ọdún tí wọ́n bí i. Àkùkọ ni Ìyá Àgbà. Ejò ni Fengqin. Ẹlẹ́dẹ̀ ni ọkọ mi, mi ò sì jiyàn. Ọ̀bọ ni èmi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹṣin ni Ruilian. Tí wọ́n bá jinná tán, Ìyá Àgbà á wá fi ẹ̀wà dúdú ṣe ojú fún wọn. Ìyẹn ló máa ń kẹ́yìn. Ó ní bí kò bá tíì lójú, búrẹ́dì lásán ni. Bó bá ti lójú, ó ti lólúwa nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jẹ ti ẹlòmíì.

Nígbà kan rí, wọ́n máa ń ti abúlé mìíràn wá wo ẹṣin Ìyá Àgbà. Á fi eyín ìyarun fa gọ̀gọ̀ rẹ̀ yọ, á wá yí ọrùn rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n báyìí, kò lè mọ nǹkan mọ́. Èmi ni mo ń mọ wọ́n. Ẹṣin tèmi kò dára, mo mọ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, Ọdún Ẹṣin ló ń wọlé bọ̀. Ọdún Ruilian fúnra rẹ̀ ló padà dé. Lọ́dọ̀ wa, ọdún ara ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ẹni tó bá kàn gbọ́dọ̀ de ọ̀já pupa mọ́ ìdí láti òwúrọ̀ ọdún tuntun, kí ibi má bàa rí i mú. Ìyá Àgbà ti rán ọ̀já náà tipẹ́, ó fi kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ìgbéyàwó Ruilian náà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ kẹfà ọdún ni wọ́n dá, nítorí Zhankui ọkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní gúúsù.

Ẹkùn ni Zhankui. Ẹkùn àti Ẹṣin bára mu dáadáa. Ìyá rẹ̀, tó ń gbé lábúlé tó wà ní òdìkejì àfonífojì, ti gbé ọdún Ruilian lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n kà kó tó gbà. Obìnrin yẹn kò fẹ́ gbọ́ Àgùntàn sétí rárá. Àgùntàn ni ọmọ rẹ̀ àgbà fi ṣaya, ọmọ náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tó fi kú. "Ẹnikẹ́ni tó bá wù ú ni kó fẹ́, àfi Àgùntàn," ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa. Fengqin ló ń bu tíì fún un lọ́jọ́ náà. Mo rí i tí tíì dà sórí tábìlì, mi ò sì ro nǹkan kan sí i.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ se àwọn ẹranko ìyẹ̀fun náà, yìnyín bo gbogbo àgbàlá. Ariwo kankan kò sí níta. Ruilian jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń fi àlùmọ́gàjí gé bébà pupa tí a máa lẹ̀ mọ́ fèrèsé.

"Àǹtí Suqin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹṣin mi kúrú bíi ti èṣí. Alángbá ló jọ."

"Ẹsẹ̀ tìẹ náà ńkọ́? Ṣé ó gùn ni?"

"Ó gùn tó láti fi sá fún Zhankui."

"Ó ti bọ́. Ìyá ẹ̀ ti ra bẹ́ẹ̀dì."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Fengqin tó ń koná kò gbójú sókè.

"Ẹ ṣọ́ ẹnu yín nídìí ajere," ló wí.

Òótọ́ ló sọ. Bí ajere bá ti wà lórí iná, a kì í sọ ọ̀rọ̀ tí kò dáa níbẹ̀. Bí búrẹ́dì bá tilẹ̀ là sí méjì, a ò ní sọ pé ó là. Ohun tí a máa sọ ni pé ó rẹ́rìn-ín.

Mo mọ ẹṣin náà tán, mo fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn dáadáa kí ọmọ náà má bàa yọ mí lẹ́nu. Mo tò ó sáàárín àwọn tó kù, mo dé ajere. Ruilian kó bébà rẹ̀, ó lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìta. Ìyá Àgbà jókòó sórí ibùsùn amọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó ń ṣa ẹ̀wà dúdú tó máa fi ṣe ojú.

Nígbà tó yá, omi tó ń hó lábẹ́ ajere dákẹ́.

Mo wo iná. Ó ń jó. Mo wo ooru. Ó ń jáde. Ṣùgbọ́n omi náà dákẹ́ pátápátá. Ó dákẹ́ débi pé mo ń gbọ́ bí Ìyá Àgbà ṣe ń mí.

"Omi ti gbẹ ni?" ni mo béèrè.

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ni Fengqin dáhùn.

Omi náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í hó. A dúró títí àkókò fi tó, mo bá ṣí ìdérí.

Àkùkọ wà ńbẹ̀. Ejò wà ńbẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ wú, ó tóbi bí ẹni tó ni ín. Ọ̀bọ mi wà ńbẹ̀. Láàárín wọn, níbi tí mo to ẹṣin sí, àgùntàn kan dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ikùn. Ìwo rẹ̀ méjèèjì lọ́ sẹ́yìn etí bíi ti àgbò.

A wò ó.

"Ó rẹ́rìn-ín," ni Ìyá Àgbà wí, nítorí pé ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. Búrẹ́dì náà kò sì là níbì kankan.

"Suqin, ta ló ní kó o mọ àgùntàn?" Ohùn Fengqin ti yí padà.

"Ta ló mọ àgùntàn? Ẹṣin ni mo mọ. Ẹṣin burúkú ni, ṣùgbọ́n ẹṣin ni."

"Kò sí Àgùntàn nínú ilé yìí!"

"Èmi náà mọ̀. Ṣé èmi ni ẹ ń jágbe mọ́ ni?"

Fengqin fi ọwọ́ mú àgùntàn náà bó ti gbóná tó, ó jù ú sí ajá níta. Ajá náà gbóòórùn rẹ̀, ó ki ìrù bọ abẹ́ ikùn, ó lọ dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Fengqin padà wọlé, ó bu ìyẹ̀fun, ó mọ ẹṣin mìíràn fúnra rẹ̀. Kò bìkítà bóyá ó dára. Ó kàn tẹ orí rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì fi ọ̀bẹ kọ gọ̀gọ̀ sí i lára. Ẹyọ kan péré ló gbé sínú ajere. Ó dé e, ó jókòó tì í, kò gbójú kúrò lára rẹ̀.

Omi náà tún dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ̀rọ̀.

Fengqin ló ṣí i. Àgùntàn kan náà ló wà ńbẹ̀, pẹ̀lú ìwo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Nǹkan mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹṣin ni. Ó kéré, ó dára, gọ̀gọ̀ rẹ̀ jáde ní fọ́nrán fọ́nrán bí ẹni pé ìyarun ni wọ́n fi fà á. Ọrùn rẹ̀ yí díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn.

Èmi ò lè mọ irú ẹ̀. Fengqin náà ò lè mọ ọ́n. Mo yíjú sí Ìyá Àgbà. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí itan ń gbọ̀n bó ti máa ń gbọ̀n.

"Ìyá, ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni," ó dáhùn. "Ṣùgbọ́n mi ò dìde níbí."

Ẹ̀rù bà mí. Mo ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo jókòó sórí àpò èédú. Fengqin kò jókòó. Ó dúró ti ajere, ooru ń bò ó lójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Méjì ni wọ́n," ó ní. "Ìbejì ni mo bí. Àkọ́kọ́ jáde nírọ̀lẹ́ tí ọdún ń parí lọ, tí ọdún Ẹṣin ṣì wà nílẹ̀. Kò ké. Kò la ojú rí. Ìyá fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e lọ sin sábẹ́ igi eléso pupa lẹ́yìnkùlé. Mò ń rọbí ìkejì lọ́wọ́, mi ò ráyè sunkún. Nígbà tí ìkejì fi máa jáde, báńgà ti ń dún káàkiri abúlé. Ọdún Àgùntàn ti wọlé."

"Ruilian ni ìkejì."

"Ruilian ni."

Mo ti fẹ́ sínú ilé yẹn tipẹ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ létí mi rí.

"Ta ló fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin Àgùntàn?" ni Ìyá Àgbà wí. Kò bínú, kò sì sunkún. "Nígbà tí bàbá ẹ̀ kú sínú èédú, ká ní wọ́n mọ̀ ni, wọn ì bá ní òun ló pa á. Ọdún ẹnìkejì ẹ̀ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Mo fún un. Mi ò jí i. Mo yá a ni."

"Ẹ yá a lọ́wọ́ ta ni?" ni mo bi í.

Ó padà sídìí ẹ̀wà dúdú rẹ̀, ó ń ṣà á.

Bí mo ti gbójú sókè, mo rí Ruilian lẹ́nu ọ̀nà. Bébà pupa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó ti dé ibẹ̀.

"Ìdí nìyẹn," ó sọ.

"Ìdí kí ni?" ìyá rẹ̀ béèrè.

"Tí ẹ bá pè mí, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó dáhùn. Ẹ ti ń bá mi jà lórí ẹ̀ láti kékeré. Mo máa ń dúró kí ẹni yẹn kọ́kọ́ dáhùn tán ni."

Fengqin fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Ruilian wí. "Mo rò pé bó ṣe ń ṣe gbogbo èèyàn nìyẹn."

Ó wọlé, ó gbé àgùntàn náà, ó yí i wò. Ó ní tòun nìyẹn, òun ló máa jẹ ẹ́. Ó ní kí a gbé ẹṣin náà sórí pẹpẹ àwọn òkú ilé pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ẹni tó ni ín jẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá Àgbà gbà. Ó ṣe ojú fún gbogbo wọn, àti àgùntàn náà, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ẹṣin. Ó ní kó wà bẹ́ẹ̀.

Fengqin ló bà á jẹ́. Tàbí òun ló tún un ṣe, mi ò mọ̀. Ó mú ẹ̀wà dúdú méjì nínú abọ́, ó lọ sídìí pẹpẹ, ó tẹ ọ̀kan sí apá ọ̀tún orí ẹṣin náà.

"Fengqin! Má ṣe é!" Ìyá Àgbà pariwo. Mi ò gbọ́ ọ kó pariwo bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò la ojú rí, Ìyá," ni Fengqin dáhùn. "Ọmọ mi ò la ojú rí." Ó sì tẹ ìkejì sí i.

Ọkọ mi dé lọ́jọ́ kejì, a jẹ oúnjẹ ìparí ọdún pẹ̀lú rẹ̀, jiaozi, ìyẹ̀fun tí a fi wé ẹran, àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti ọtí díẹ̀ fún òun. A ò sọ nǹkan kan fún un. Lówùúrọ̀ ọdún tuntun, Ruilian ní kò rí ọ̀já pupa rẹ̀. Ìṣó wà lára ògiri lófìfo. Mo lọ wo pẹpẹ. Àkùkọ, ejò, ẹlẹ́dẹ̀, ọ̀bọ, àgùntàn. Ẹṣin kò sí níbẹ̀. Mo jáde sí àgbàlá tí yìnyín tuntun bò. Ipa ẹsẹ̀ kan wà ńbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi eléso pupa, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá, ó sì forí lé àfonífojì. Mo gbé ìgbálẹ̀, mo gbá a kúrò kí Fengqin tó jí. Ṣùgbọ́n ó ti jí, ó ń wò mí láti ojú fèrèsé.

Láti ọjọ́ náà ni Ruilian ti ń sọ pé òun máa sọ òótọ́ fún ìyá Zhankui.

"Á tú ìgbéyàwó ká," ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. "Ṣé o fẹ́ kí gbogbo abúlé máa pè ẹ́ ní apakọ?"

"Màmá, mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Mi ò lè fi ọdún ẹlẹ́ni sùn tì í."

Fengqin ní òun ò ní lè bá a lọ. Ó ní kí èmi tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ kẹrin, a fi aṣọ di búrẹ́dì àgùntàn náà, a sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì, a gun òkè tó wà ní òdìkejì. Báńgà ń dún lọ́nà jíjìn. Mo ń gbọ́ bí yìnyín ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, nígbà míràn ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé ẹsẹ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́ ju tiwa lọ. Mi ò wẹ̀yìn.

Ìyá Zhankui wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń da omi tíì nù. Bó ti rí wa, ó rẹ́rìn-ín.

"Kí lo gbàgbé?" ó bi Ruilian.

"Ẹ kú ọdún, mà. Mi ò gbàgbé nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tó o tún padà? O ò tíì pẹ́ tó o kúrò níbí." Ó kojú sí mi. "Ìyàwó ilé Hao, ẹ káàbọ̀. Ó ní ẹ̀yin náà ń bọ̀ lẹ́yìn."

Ó fà wá wọlé. Ife tíì kan wà lórí tábìlì, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àbọ̀ búrẹ́dì kan wà nínú abọ́. Ìdí ẹṣin ló kù. Wọ́n ti jẹ orí àti ọrùn rẹ̀.

"Ẹṣin rẹ dùn gan-an," ni obìnrin náà wí. "Mo ní kò yẹ kí èmi jẹ ẹ́, tìẹ ni. O ní kí n jẹ ẹ́, pé a ti di ẹbí. Ọ̀já pupa yẹn náà yẹ ẹ́. Kí lo ṣe tú u?"

Ruilian di etí tábìlì mú. Ó tú aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé àgùntàn náà kalẹ̀.

"Mà, ẹ gbọ́ mi. Kì í ṣe Ẹṣin ni mí. Ọdún Àgùntàn ni wọ́n bí mi. Wọ́n parọ́ fún yín."

Obìnrin náà wo àgùntàn, ó wo Ruilian lójú, ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"O ti sọ pé o máa sọ ọ́! O ní tó bá yá, o máa padà wá sọ pé Àgùntàn ni ẹ́, kí n má dá ẹ lóhùn, pé ẹ̀rù ìgbéyàwó ló ń bà ẹ́. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi, mo lọ fara pa mọ́ sílé adìẹ." Ó fi ọwọ́ pa á lórí. "Lọ sinmi, ọmọ mi. Ọjọ́ kẹfà ti dé tán."

A padà sílé. Lójú ọ̀nà, Ruilian bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe pè mí lọ́mọ mi?"

"Mo gbọ́."

"Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí."

Lọ́jọ́ kẹfà, a múra fún un. Fengqin fúnra rẹ̀ ló di irun rẹ̀. A wọ aṣọ pupa fún un, a gbé e jókòó sórí ibùsùn amọ̀, a ń retí ọkọ̀ tí Zhankui máa fi wá gbé e. Àwọn ará ilé kún àgbàlá. Ọkọ mi ti to báńgà sẹ́nu ọ̀nà, iná ló kù kó ṣá sí i. A dúró. Oòrùn kúrò lórí òrùlé ilé ẹran. A ṣì dúró. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù wọn.

Nígbà náà la gbọ́ báńgà láti òdìkejì àfonífojì. Ó dún pẹ́. Ó dún bí ìgbà tí ìyàwó bá wọlé ọkọ.

Fóònù ọkọ mi dún. Ó gbé e sétí, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní rárá. Nígbà tó gbé e kúrò létí, ó wo ìyàwó tó jókòó níwájú wa.

"Ìyá Zhankui ni," ó ní. "Ó ní ìyàwó ti dé. Ó ní Zhankui bá a lẹ́nu ọ̀nà abúlé wa tó ti múra tán, tó ń dúró. Ó ní kí ló dé tí ẹnì kankan ò tẹ̀ lé e wá."

Ruilian mú fóònù tirẹ̀, ó pe Zhankui. A gbọ́ ohùn ọkùnrin náà, inú rẹ̀ dùn, ariwo wà lẹ́yìn rẹ̀. "Ta ni yìí?" ló wí. Ruilian sọ orúkọ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bá mi ṣeré lónìí. Ruilian rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi." Ó gé e.

Ọkọ mi gun alùpùpù lọ síbẹ̀. Nígbà tó padà dé, kò wọlé. Ó jókòó sórí òkúta níta, ó ń mu sìgá. Mo lọ bá a.

"Ta lo rí?"

"Ruilian ni."

"Ruilian wà nínú ilé."

"Mo mọ̀," ó ní. "Má ní kí n wọlé lọ wò ó báyìí."

Mo ní kí a jọ lọ, kí gbogbo wa lọ dúró síwájú wọn. Fengqin kọ̀. Ó di ọmọ rẹ̀ mú, ó ní bí àwọn méjèèjì bá fojú kojú, ọ̀kan ló máa padà wálé, òun ò sì mọ èwo. Ruilian sunkún títí atike ojú rẹ̀ fi ṣàn sára aṣọ pupa. Nígbà tó sunkún tán, ó tú irun rẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo ti ń jẹ búrẹ́dì ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti ní eyín."

Ìyá Àgbà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí iwájú iná, ó ń wò wọ́n.

Ruilian padà síbi iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ nílùú ńlá. Lábúlé, a ní ó ti lọ sílé ọkọ, nítorí pé lójú gbogbo èèyàn, ó ti lọ. Mo rí ẹnìkejì lẹ́ẹ̀kan, lọ́jà, nígbà ooru. Ó ń ra aṣọ ibùsùn. Òun ló kọ́kọ́ rí mi. "Àǹtí Suqin," ó ní, ó sì di ọwọ́ mi mú. Mo ti rò pé ọwọ́ rẹ̀ máa tutù. Kò tutù. Ojú rẹ̀ dúdú, ó ń tàn, kì í ṣẹ́jú púpọ̀. Ó béèrè àlàáfíà màmá rẹ̀. Bó ti ń lọ, ó yí ọrùn díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn. Èmi kọ́ ni mo pè é.

Ọdún Ẹṣin parí. Ọdún Àgùntàn wọlé. Ruilian wálé fún ọdún ara rẹ̀, ọ̀já pupa tuntun wà nídìí rẹ̀. Mo mọ àgùntàn fún un, mo sè é, ó jáde bí mo ṣe mọ ọ́n. Ìyẹn nìkan ló múnú mi dùn.

Ọjọ́ kejì ọdún ni ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ máa ń padà wá kí ìyá rẹ̀. Gbogbo ilé ló máa ń retí wọn lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa, ṣùgbọ́n mo rí i pé Fengqin gé ẹran ju iye tí a lè jẹ lọ. Ọ̀sán ń rọ̀ nígbà tí a gbọ́ ọkọ̀ níta. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ dún. Ẹsẹ̀ tẹ yìnyín wá sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnìkan kanlẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, bí ọmọ ilé ṣe ń kàn án.

"Màmá," ohùn Ruilian pè láti ìta. "Àwa ni o."

Ruilian wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró díẹ̀.

"Ẹ lọ ṣí i, Màmá," òun náà wí. "Ilé ẹ̀ ni."

Fengqin nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ. Ó rìn lọ sídìí ilẹ̀kùn, ó gbé ọwọ́ lé ìdábùú rẹ̀, kò sì lè ṣí i. Ó yíjú sí wa. Omi ti kún ojú rẹ̀.

"Suqin," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí ni kí n pè é? Mi ò sọ ọmọ mi lórúkọ rí."

Wọ́n tún kanlẹ̀kùn. Ruilian lọ sídìí àgbékà, ó mú abọ́ kan sí i.